Ta Ni Ó Ni Ọgbọ́n Tí A Há Sórí?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Maryland, létí ọ̀nà Ìkòròdú, ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni ọ̀kan fi pa ọba èkejì. Ẹni tí ó pàdánù kò gbà: "Tíṣà, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ o! Ó há a sórí ni."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ènìyàn bá fi ìgbésẹ̀ tí òkú ọ̀run ṣàwárí borí alààyè, ta ni ó borí? Bí a bá ní olè ni, àwa tí à ń pa òwe ńkọ́? Akọ́fá a máa há ẹsẹ Ifá sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kì í sì í pè é ní olè. Ohun tí à ń wò ni bóyá ó mọ èyí tí ó bá ọ̀ràn ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò mu.

Ẹ wo ayò olókìkí kan tí a ta ní Paris ní ọdún 1858, nínú ilé eré orin. Paul Morphy, ọmọ Amẹ́ríkà, dojú kọ ọlọ́lá méjì tí wọ́n ń gbèrò pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá náà yàn ń jẹ́ orúkọ Philidor, ọmọ Faransé tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1749. Ogún wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n ná. Ní ìgbésẹ̀ 16, Morphy fi ayaba tirẹ̀ gan-an tọrẹ kí ọ̀nà lè là. Ní ìgbésẹ̀ 17, ọba wọn kú.

Nítorí náà, èmi kò rí ẹ̀bi nínú híhá ìgbésẹ̀ sórí. Ohun tí ó dùn mí yàtọ̀. Bàbá ọ̀kan sanwó fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Èkejì jẹ́ ọmọ alágbàṣe ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, pátákó ayò ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó mọ̀. Bí ìmọ̀ bá di ohun tí à ń rà, ìdíje ha ni à ń ṣe, tàbí ọjà ni à ń ná? (Tunde Onakoya ti rí èyí ṣáájú mi: ní 2018 ni ó dá ẹgbẹ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà Èkó ní ayò yìí sílẹ̀, ó sì ta á fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin 2024 láti wá owó ẹ̀kọ́ fún irú wọn.)

Mo ní kí ẹni tí ó borí fi ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, bàbá mi ni ó sanwó rẹ̀." Mo bi í bóyá ẹni tí ó kọ́ ọ sanwó fún ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó fi hàn án, ojú rẹ̀ le koko.

Wọ́n tún ta á. Bí ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù ti jáde, ọmọ alágbàṣe ti ọmọ-ogun kan síwájú, ó fi dí ayaba lọ́nà. Èkejì wo pátákó títí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ó ń ronú.