Ọ̀bẹ Tí Kò Gé Nǹkan Kan Rí

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọ̀bẹ àpò àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀bẹ tó ń pa owó jù ni èyí tí kò gé nǹkan kan rí. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì kan òkúta ìpọ́nbẹ, òógùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tíì kan èkù rẹ̀, bí páálí tí wọ́n fi kó o jáde ní iléeṣẹ́ bá sì ṣì wà, owó tún gbẹ́nu sókè. Èyí tí àgbẹ̀ kan gbé sápò fún ogójì ọdún, tó fi ṣiṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi tín-ín-rín, inú agbọ̀n ni wọ́n ń dà á sí, kí ẹni tó bá wù mú un lówó pọ́ọ́kú. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Iṣẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rọ ọ̀bẹ, àmì iṣẹ́ la wá sọ di àbùkù lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀bẹ Case wò. Ìlú Bradford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni iléeṣẹ́ W.R. Case & Sons wà, ọ̀bẹ wọn sì wà lára èyí tí àwọn akóbẹjọ ń wá lójú méjèèjì. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí òǹtẹ̀ ní ìdí ojú rẹ̀. Láti 1940 títí di 1964, CASE XX ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀; ní 1965, wọ́n fi U.S.A. kún un. Nígbà tó di 1970, wọ́n to àmì róbótó kéékèèké mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan kúrò lọ́dọọdún, débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀bẹ náà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nọ́ńbà tún wà lára rẹ̀ tó ń sọ irú ọ̀bẹ tó jẹ́. Bí ẹ bá rí 6318, 6 ni pé egungun tí wọ́n fín ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀, 3 ni pé ojú mẹ́ta ló ní, 18 ni irú ọ̀bẹ tó jẹ́. Ìran ọ̀bẹ kò ṣòro í tọ́. Ẹni tó gbé e sápò ni kò sí àmì kankan fún.

6318 yẹn, ọ̀bẹ darandaran ni. Ojú àkọ́kọ́ gùn, ó sì ní ṣóńṣó. Iṣẹ́ gbogbo ni tirẹ̀, okùn ni o, èso ni o, àpò oúnjẹ ẹran ni o. Ẹnu ìkejì gún régé, ó dára fún pátákò ẹran. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi ń tẹ akọ màlúù lọ́dàá, wọ́n sì dìídì jẹ́ kí orí rẹ̀ kúnú kó má baà gún ẹran níbi tí kò yẹ. Ẹ wá wo irú rẹ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ alẹ́. Ojú gígùn ti jẹ kù díẹ̀ kó tó ìdajì, pípọ́n ló jẹ ẹ́. Irin rẹ̀ ti ṣú, omi èso àti òógùn ló rẹ ẹ́ láró. Egungun èkù rẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́ ti dán ní ojú kan, níbi tí àtàǹpàkò olówó rẹ̀ ń gbé. Ojú kẹta wà bí wọ́n ṣe ṣe é, kò jẹ rárá. Ó jọ pé ẹni yìí kò sin màlúù rí. Lórí irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín èkù, ó fi ohun ṣóńṣó kan ha lẹ́tà méjì síbẹ̀, lẹ́tà kejì sì wọ́. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà méjì yẹn gan-an ni ọjà ń kà sí ẹ̀gbin. Owó ọ̀bẹ ń wálẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ họ ọ́ kúrò kó tó dórí tábìlì ìtajà. Àmọ́ ká ní lẹ́tà gbajúmọ̀ kan ni, bíi ti ọ̀gágun tàbí òṣèré, iye kan náà ni ì bá fi di ìlọ́po mẹ́wàá. Kì í ṣe pé orúkọ kò níye lórí lójú wọn, orúkọ tálákà ni kò níye lórí. Àwọn àgbà wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ náà. Bí ẹni tó mọ olówó rẹ̀ kò bá la ẹnu, ó tán.

Ẹni tó sì yẹ kó la ẹnu kì í sábà sí níbẹ̀. Bàbá kú, àwọn ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n gba ẹni tí yóò lu ẹrù ilé ní gbàǹjo, gbogbo rẹ̀ parí láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀bẹ wà nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè pé kí ni bàbá ń fi ṣe, ọmọ á ní òun kò mọ̀, pé ó máa ń wà lápò rẹ̀ ni. Nílẹ̀ ibẹ̀ kan náà, bàbá a máa fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọ̀bẹ láti fi hàn pé ó ti tó ẹni tí à ń fi nǹkan lé lọ́wọ́. Ọmọ á sì fi ẹyọ owó kékeré kan san án padà, kí irin má baà gé ìfẹ́ tó wà láàárín wọn. Nínú ìwé Mark Twain tó jáde ní 1876, nígbà tí Tom Sawyer gba ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ń pè ní Barlow, tí owó rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì méjìlá ààbọ̀, ọ̀bẹ náà kò mú rárá, síbẹ̀ kíá ló ti fi ha kọ́bọ́ọ̀dù ilé. Inú mi dùn sí ọmọ yẹn. Ó mọ ohun tí ọ̀bẹ wà fún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀bẹ lọ́wọ́ èrò inú bàálù. Ní oṣù Kẹta 2013, àjọ TSA, tó ń rí sí ààbò ìrìnnà níbẹ̀, kéde pé àwọn yóò gba ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 láyè; àwọn òṣìṣẹ́ bàálù fárígá, nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, wọ́n ti yí i padà. N kò bá òfin náà jà, ẹ̀mí èèyàn ju ọ̀bẹ lọ. Ọkàn ẹni tó dúró lórí ìlà níbi àyẹ̀wò ni mò ń wò. Ọ̀bẹ bàbá bàbá rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ó lè padà lọ fi sínú mọ́tò. Ó lè dá a padà sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù. Láwọn ibòmíràn, ó lè fi ránṣẹ́ sílé. Ó wo aago, ó jù ú sínú ike, ó lọ. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Pennsylvania a máa gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó ọ̀bẹ jọ sínú páálí, wọ́n á tà á lápapọ̀. Ogún ìdílé di ohun tí à ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n, nítorí pé ọmọ kò fẹ́ pẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Kò yẹ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn akóbẹjọ. Àwọn ló ṣe àkọsílẹ̀ òǹtẹ̀ àti ọdún. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ wọ̀nyí ì bá ti wọ ààtàn. Àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé èyí tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Kí irú wọn tó sanwó, wọ́n á jókòó ti opó tàbí ọmọ olóògbé, wọ́n á béèrè orúkọ, iṣẹ́ tó ṣe, àti bí ọ̀bẹ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n á ká a mọ́ ọ̀bẹ náà. Bí wọ́n bá tún un tà, ìwé yẹn kì í fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni tó rà á má yọ ọ́ dànù.