Ìwé Ẹ̀rí Ọkọ̀ Ha Tó Bí?

Bí ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà bá yege níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ǹjẹ́ ẹni tí ó ni ín ti bọ́ nínú ẹ̀bi bí? Ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó.

Mo mọ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe é. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a yá táyà tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọn a sì wá gílóòbù sí iná ẹ̀yìn. Bí ìwé ẹ̀rí bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, táyà a padà sílé. Wọn a ní àwọn kò purọ́, ohun tí olùyẹ̀wò rí ni ó kọ. Mo gbà pé ẹnu wọn kò purọ́. Táyà ni wọ́n rán níṣẹ́ irọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé tálákà ni ọlọ́kọ̀, ọkọ̀ náà sì ni oko rẹ̀. Bí a bá gbà á, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà tí ó jókòó létí títì kò ní ọkọ̀, òun ni ó sì ń fa èéfín láti àárọ̀. Kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì wà nínú èéfín náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Tálákà ni àwọn méjèèjì. Ta ni ó fún ọ̀kan láṣẹ láti fi ara èkejì san gbèsè rẹ̀?

Ìtàn òfin yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ràn wá lọ́wọ́. Ní 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ bíréèkì, iná àti sítíárìn ọkọ̀ tí ó ti pé ọdún 10 wò. Ní 1991, wọ́n fi èéfín kún un. Ní 2018, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti lé ní ọdún 40 kúrò nínú àyẹ̀wò ọdọọdún. Síbẹ̀, bí bíréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá dára, ẹni tí ó gbé e jáde jẹ̀bi. Wọ́n mú ìwé kúrò, wọn kò mú ojúṣe kúrò.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìwé ẹ̀rí kò tó. Ipò tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ó sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ olúwarẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n lójú títì, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń bá pàdé. Kí ìjọba fún tálákà láyè àtúnṣe. Kí tálákà náà fi owó ẹ̀tàn ra bíréèkì.