Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Ọkọ̀ Òde Òní: Èwo Ló Lágbára Jù?

Níbi tí àwọn àgbà bá ti pàdé ní ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde. Ẹnì kan á ní, "Mọ́tò ti tán láyé. Páànù lásán ni wọ́n ń tà fún wa báyìí." Èkejì á ní òótọ́ ni, pé Ìjàpá tí bàbá òun rà nígbà náà, bó bá forí sọ igi, igi ni kí ẹ bá kẹ́dùn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ fún ẹni tó ni ìyìn ní ìyìn. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Kò pẹ́ tí Ìjàpá àti 504 fi kún gbogbo ìlú. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ gíá, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á sì sọ ọ́ kalẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Bí 504 bá ń kọ́, wọ́n á tú kabúrétọ̀, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á ha kọ́ńtáàtì, ó parí. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kàwé lè fi ojú, etí àti ọwọ́ mọ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé nǹkan rọrùn láti tún ṣe kò ní kó máa pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣebí nítorí pé à ń tún un ṣe nígbà gbogbo la fi mọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Lẹ́yìn 3,000 máìlì, ẹ yí ọ́ìlì Ìjàpá padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ òtútù, ẹ pe àwọn ọmọ wá tì í. Ẹ sì wo ohun tó ń ka máìlì nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé ìgbà náà: nọ́ńbà márùn-ún péré ló ní. Bó bá ti dé 99,999, ó padà sí òdo nìyẹn, bí ẹni pé ẹni tó ṣe é kò retí pé yóò débẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti rìn ju 100,000 máìlì lọ kó tó wọ èbúté wa, a ó sì tún fi í ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Irin òde òní tí wọ́n fi síńkì bò kì í tètè dípẹtà bíi ti àtijọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ agbára. Agbára wo gan-an là ń sọ? Bọ́ńpà àtijọ́ jẹ́ irin gidi. Bó bá gbá nǹkan, ó lè máà tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbá náà kò parẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Bí irin kò bá gbà á, ta ni yóò gbà á? Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ni. Àyà rẹ̀ ni yóò lọ pàdé sítíárì.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Mercedes-Benz ní Jámánì, Béla Barényi, ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1951, ó béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí èrò rẹ̀: kí iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò máa rún, kí àárín tí èèyàn wà sì le koko. Ọdún 1959 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èrò náà ṣe jáde. Ọdún yẹn náà ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹ́líìtì tí Nils Bohlin ṣe sínú mọ́tò wọn, èyí tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí, tí gbogbo ayé ń lò dòní.

Lọ́dún 2009, wọ́n dán ọ̀rọ̀ náà wò l'Amẹ́ríkà. Wọ́n mú Chevrolet Bel Air ti ọdún 1959, ọkọ̀ gbàǹgbà, àti Chevrolet Malibu ti ọdún 2009, wọ́n fi ọmọlángidi tó tóbi bí èèyàn sí ìdí sítíárì méjèèjì, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n forí gbárí, olúkúlùkù ń sáré ní máìlì 40 ní wákàtí kan. Bel Air wó lé awakọ̀ rẹ̀ lórí. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ìbá ti kú. Iwájú Malibu náà rún wómúwómú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan ni awakọ̀ rẹ̀ ìbá fi ṣèṣe díẹ̀. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mọ́tò òde òní ni omi, èèyàn inú rẹ̀ ni agbè. "Páànù lásán" tí à ń bú yẹn, ó ń kú nípò wa ni.

Ṣé a wá ti dá ẹjọ́ náà tán? Rárá o. Ẹ̀bi tiwọn náà wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Wọ́n ti kó ìmọ̀ ọkọ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì. Mo fi owó mi ra nǹkan, ẹ wá ní n kò gbọdọ̀ mọ inú rẹ̀? Àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, wọ́n dìbò pé dandan ni kí mẹkáníìkì àdúgbò rí irú ìmọ̀ àti irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń fún àwọn tiwọn. Lọ́dún 2020, wọ́n tún dìbò lórí ìròyìn tí mọ́tò ń fi ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tí a bá fi ìmọ̀ pamọ́ fún, àbá ni yóò máa dá. Mẹkáníìkì olóòótọ́ tó ń dá àbá lè pa èèyàn láìfẹ́.

Ti aláìṣòótọ́ ńkọ́? Níbí lọ̀rọ̀ wà. Bí mẹkáníìkì ayé ọjọ́un bá ṣe iṣẹ́ ìránù, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní délé kó tó hàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ẹ̀mí là nínú mọ́tò òde òní kì í hàn àfi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ ewu. Mọ́tò kan forí gbárí lókè òkun, éábáàgì rẹ̀ bẹ́. Ẹnì kan rà á ní ọ̀pọ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà nà án, wọ́n kùn ún lọ́dà, ó ń dán gbinrin. Éábáàgì ńkọ́? Wọ́n rán ojú rẹ̀ pa. Iná tó yẹ kó máa kìlọ̀ ńkọ́? Wọ́n já wáyà rẹ̀. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin rà á, ó kó gbogbo ilé sínú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹni tó tà á á ní, "Ṣebí ó ń rìn?" Ó ń rìn lóòótọ́. Ìgò oògùn tó kún fún omi lásán náà ń jọ oògùn. Ẹlòmíràn á ní owó éábáàgì mìíràn ti pọ̀ jù. Mo gbà, àìlówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kò sí níbẹ̀, ẹ dín owó kù, kó fojú ara rẹ̀ yàn. Ẹni tó dákẹ́ ti bá a yàn, kò sì sọ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra mọ́tò, ẹ má wo ọ̀dà nìkan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn sí, kí ẹ má tíì ṣíná. Iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde, kí ẹ wò ó bó ń padà. Ẹ béèrè lójú ẹlẹ́rìí pé, "Ṣé mọ́tò yìí ti forí gbárí rí?" Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ dá wọn lóhùn.