Awòran Kì í Ṣe Olè

Èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ wíwò ṣeré. A ń wo nǹkan, a ń rí i, a ń ṣọ́ ọ, a ń yọjú sí i, a ń tẹjú mọ́ ọn. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ọ̀tá, a ní ẹni náà ń ṣe amí. Ìwà ni ó ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, kì í ṣe ojú. Ojú kan náà ni ọdẹ fi ń ṣọ́ ẹran tí ọmọdé fi ń wo egúngún. Ohun tí ọkàn ń wá lẹ́yìn ojú ni a fi ń dá oníkálukú lẹ́jọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ọgbà pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí ó ń wo ọkọ̀ tí kò ní í wọ̀, tí kò retí àlejò, tí kò sì sin ẹnikẹ́ni wá, irú ìwà wo ni ó ń hù?

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ará Ìbàdàn. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tiwa wà ní Alákìá, ní apá ìlà-oòrùn ìlú. Kò tóbi, a kò sì lè fi í wé ti Ìkẹjà tàbí ti Kánò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, ní àárín àwọn ọdún 1980, bí ọkọ̀ Nigeria Airways, tí a ya erin abìyẹ́ sí lára, bá balẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ń wò ó lẹ́yìn ọgbà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èrò inú rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a dúró, awakọ̀ takisí a dúró, ìyá ẹlẹ́pà a sọ igbá kalẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n lè fi ìró ẹ́ńjìnnì mọ irú ọkọ̀ tí ń bọ̀ kí ó tó yọ lójú ọ̀run. Àwọn mìíràn mọ lẹ́tà tí a kọ sí ara ọkọ̀, wọ́n sì ń kà á bí ẹni ka orúkọ ìdílé.

Ìtàn sì wà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò. Ní 1946 ni àwọn ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá West African Airways Corporation sílẹ̀. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, tí ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀, Nàìjíríà náà gba tirẹ̀ ní 1958, ó sì di Nigeria Airways. VR-N ni ó máa ń bẹ lára ọkọ̀ Nàìjíríà ní ayé òyìnbó. Lẹ́yìn òmìnira, ó di 5N. Ẹni tí kò tilẹ̀ ka ìwé ìtàn rí lè rí i lára ọkọ̀ pé ilẹ̀ ti yí ọwọ́ padà.

Ariwo Alákìá kò tọ́jọ́. Òpópónà márosẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127, ti gbé oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n tó wọn ẹrù èrò, kí wọ́n tó pè é, kí ọkọ̀ tó gbéra nílẹ̀, ẹni tí ó gba orí títì ti ń fọwọ́ lẹ́yìn àmàlà ní Challenge. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2003. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni bí Overland Airways gba ipò rẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ ATR tí abẹ́bẹ̀ méjì ń fà gbé èrò láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sọ pápá náà. Orúkọ yí, ọkọ̀ yí, ṣùgbọ́n awòran kò kúrò lẹ́yìn ọgbà.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni a máa ń fi kan irú awòran bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìmẹ́lẹ́. A ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, pé ẹni tí ó fi ọ̀sán gangan wo òkè kò ní í rí nǹkan jẹ lálẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá gbọ́ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń gbé àga, ìwé àti gègé lọ sí ẹ̀bá pápá ọkọ̀ òfuurufú kìkì láti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó kọ́ àwọn baba wa ní oríkì ẹranko? Nínú ìjálá, ọdẹ a máa ki ẹfọ̀n, a máa ki ìkookò, a máa sọ bí ó ṣe ń rìn, bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí, bí ó ṣe ń bínú. Kì í ṣe gbogbo ẹran tí ó kì ni ó pa. A kò lè ki ohun tí a kò wò fínnífínní. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ mẹ́wàá níyà sí ara wọn láti orí ìró wọn ti ṣe iṣẹ́ ọpọlọ kan náà tí oníjàálá ṣe, bí kò tilẹ̀ rí owó gbà lórí rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ojúkòkòrò, òun ni ó sì le jù. Ojúkòkòrò fẹ́ gba nǹkan. Ìran wíwò ń fi nǹkan sílẹ̀ síbi tí ó wà. Nígbà tí Ilé Kòkó dé òkè ní Dùgbẹ̀ ní 1965, àwọn ènìyàn gbójú sókè kí wọ́n lè ka àjà rẹ̀ títí fìlà fi jábọ́ lórí wọn. Kò sí èyí tí ó rò pé òun ni yóò ni ín. Wọ́n wò ó tán, wọ́n sì gba ilé wọn lọ.

Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí ọmọdé bá ń wo òṣùpá, a kì í gbàdúrà fún un pé kí ó gun òṣùpá. Ṣùgbọ́n bí ó bá nawọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú, kíá ni àgbàlagbà yóò dá a lóhùn pé, "Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà wọ̀ ọ́." Àdúrà rere ni, èmi náà sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe: ó ń sọ ìran di gbèsè. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn nísinsìnyí ti di ẹni tí ohun kan kù fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwa tí a ń kọ́ni ní yunifásítì. Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP sọ owó oṣù di ẹ̀fẹ́, àwọn olùkọ́ ń gba ojú ọ̀run lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Bódìjà àti Agbowó, a kì í wo ọkọ̀ lásán mọ́. À ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ti ń wo ìkòkò aládùúgbò. Ìran náà kò yí padà, àwa ni a yí. Lónìí tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn fẹ́ "já pa", ebi náà ni ó padà wá ní orúkọ tuntun. Èmi kò dá ẹni tí ó lọ lẹ́bi. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú tí ọmọ rẹ̀ kò lè wo ọkọ̀ òfuurufú mọ́ láì ronú àtisá, ìlú náà ti pàdánù ohun kan tí kò sí nínú ìwé ìṣirò owó. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi pa tálákà lẹ́nu mọ́, kí ó ní ìran wíwò tó o. Owó ìlú ni a fi kọ́ pápá náà. Ẹ̀tọ́ sí ìrìnàjò àti ayọ̀ ìwòran kì í rọ́pò ara wọn.

Ẹ̀sùn kẹta ni iṣẹ́ amí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ìjọba ilẹ̀ Gíríìsì mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì 12 àti ọmọ ilẹ̀ Netherlands 2 ní ìlú Kalamata nítorí pé wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ ní ibùdó ọmọ ogun. Wọ́n sun ẹ̀wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn sílẹ̀. Kò yé adájọ́ àkọ́kọ́ pé ènìyàn lè wo nǹkan kìkì nítorí wíwò. Ní Nàìjíríà, tí ìjọba ológun ti tọ́ wa dàgbà, èmi kò rò pé yóò tètè yé àwa náà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Lẹ́yìn 2001 kan náà, àjọ CIA ti Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké gbé àwọn ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n. Nígbà tí àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, lára ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni àwòrán àti nọ́ńbà tí àwọn awòran wọ̀nyí ti kó jọ láì mọ ohun tí wọn yóò wúlò fún. Ní 2006, ìròyìn tí Dick Marty kọ fún Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tú àṣírí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ náà ń gbà. Ìdí tí ẹ̀rí awòran fi lágbára ni pé kò wá ẹ̀rí kankan. Kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó kàn wò, ó sì kọ ohun tí ó rí.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé wíwò tí kò fẹ́ gbà, tí kò sì fẹ́ tú ilé ẹlòmíràn, ìwà rere ni. Ó ń kọ́ni ní sùúrù, ó ń kọ́ni láti fi ohun olóhun sílẹ̀, ó sì ń sọ ènìyàn di ẹlẹ́rìí. Bí ọmọ yín bá nawọ́ sókè lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdúrà yẹn pamọ́ ná. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: abẹ́bẹ̀ mélòó ni o rí? Ibo ni o rò pé ó ti ń bọ̀? Bí ó bá ti dáhùn tán, a lè wá ṣe àmín.