Ìkúnlẹ̀ Méjì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Òkìtìpupa, bí mo ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé ẹbí wa tí mò ń wo ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń fi ọ̀bẹ họ èéfín dúdú kúrò lára pupurú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà iná, mo rí i tí ó dáwọ́ dúró lójijì, tí ó wo aago, tí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni tí ó fẹ́ jẹun, tí ó sì fa kúlà kékeré kan jáde lábẹ́ àpótí tí ó fi ń jókòó. Yìnyín ni ó kún inú kúlà náà, abẹ́rẹ́ sì wà láàárín yìnyín. Ó kọjú sí ògiri, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ìdodo, ó sì gún ara rẹ̀ láìmira. Nígbà tí ó ṣe tán, ó padà sídìí pupurú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá."

Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí a ti gbé e wọ ilé wa. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkọyà dé Òde-Ìrèlè, yóò mọ̀ pé ìbéèrè tí a ń béèrè nípa ẹni tí ń wá ọmọ kì í ṣe "kí ló dé?" bí kò ṣe "ta ni?": ta ni ó dì í, ta ni ó ṣẹ̀, kí ni ó ṣe tí kò jẹ́wọ́. Àwọn kan ní kí ó lọ jẹ́wọ́ níwájú òrìṣà Ayélála. Wòlíì ní kí ó fi òwúrọ̀ méje wẹ̀ lódò. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe ènìyàn búburú rárá, sì ti dẹ́kun pípè é ní Ìyá Ìbejì, orúkọ tí ó fi ń kẹ́ ẹ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí pé orúkọ náà ti ń dun òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó rán ọkọ níṣẹ́ lọ síbì kankan, kí n sì sọ òtítọ́, èmi náà kò rán an, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin wà lára ohun tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí obìnrin yìí bi mí ní alẹ́ ọjọ́ náà kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé orí mi ni kò yan ọmọ ńkọ́? Ṣé abẹ́rẹ́ lè bá orí jà?"

Àwọn bàbá wa sọ pé a kúnlẹ̀ kí a tó yan ìpín, pé nígbà tí a dé ayé tán ni ojú ń kán wa. Mo ti máa ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí àlọ́ àwọn àgbà títí mo fi gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí nípa ẹyin obìnrin. Wọ́n ní gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní láyé ni ó ti wà nínú rẹ̀ kí a tó bí i: nígbà tí ọmọbìnrin bá pé nǹkan bí oṣù márùn-ún nínú ìyá rẹ̀, ẹyin inú rẹ̀ a tó mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje, lọ́jọ́ tí a bá bí i, ó ti ku mílíọ̀nù kan sí méjì, nígbà tí yóò fi rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí 300,000 sí 400,000 ni yóò kù, nínú gbogbo wọn, bóyá 400 tàbí 500 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde títí nǹkan oṣù yóò fi dúró. Èyí túmọ̀ sí pé ẹyin tí ó di èmi yìí ti wà nínú ìyá mi nígbà tí ìyá mi ṣì wà nínú ìyá tirẹ̀. Ìyá àgbà yẹn, tí ó ti papò dà kí a tó bí mi, ti gbé mi lọ sí oko, ó ti gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, kí ó tó mọ orúkọ tí yóò sọ ìyá mi. Bí ẹnì kan bá sọ pé èyí kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn, kí ó wá sọ ohun mìíràn tí a óò máa pè é.

Síbẹ̀ ìdáhùn mi fún un ni pé abẹ́rẹ́ kò bá orí jà. Oṣù dé, oṣù lọ, ọ̀wọ́ ẹyin kan ni ara obìnrin ń jí, bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ bá jọ sáré. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dé òpin, àwọn yòókù a sì rọ dànù. Họ́mọ́nù tí wọ́n ń pè ní FSH, tí ń tú jáde láti inú kóro kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, ni oúnjẹ tí wọ́n ń dù. Bí abẹ́rẹ́ bá fi kún oúnjẹ náà, àwọn tí ìbá rọ dànù lóṣù yẹn yóò yè. Kò fi ẹyọ kan kún iye tí a yàn. Ó kàn gba díẹ̀ lọ́wọ́ ìfiṣòfò ni. Orí ti yàn, ẹsẹ̀ ni ó ń rìn yìí. Àwọn bàbá wa kò sì fìgbà kan sọ pé kí ẹni tí ó ní orí gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe kò ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá. Dókítà Nylander, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí lọ́dún pípẹ́ lórí ìbejì Ìgbó-Ọrà. Ó rí i pé nínú ìbí 1,000 níbẹ̀, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti àwọn Òyìnbó wà ní nǹkan bí 12. Ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ wò, ó rí i pé FSH pọ̀ lára àwọn tí ń bí ìbejì ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn kan sọ pé iṣu ni, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ìran ni. Èmi kò bá wọn dá sí i. Ibi tí àwọn Òyìnbó ti rí họ́mọ́nù yìí bù ni ó pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì pa mí lẹ́nu mọ́. Inú ìtọ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni, ilé-iṣẹ́ Serono ní Ítálì sì lọ ń gba ìtọ̀ náà ní ilé tí àwọn sísítà Àgùdà tí ó ti darúgbó ń gbé. Ní 1962 ni oògùn náà fún àgàn kan ní Ísírẹ́lì lọ́mọ. Àwọn obìnrin tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn kò ní bímọ, omi ara wọn ni ó ń la inú àgàn!

Ìjọ Àgùdà kan náà ni ó sì gbé ìwé jáde ní Róòmù ní 1987 pé kò tọ́ kí a máa dá oyún nínú ìgò. Al-Azhar ní Káírò ti sọ tirẹ̀ ní 1980: ó tọ́ láàárín ọkọ àti aya, kò tọ́ kí ẹlòmíràn bá wọn dá sí i. Àwọn aṣáájú ìjọ tiwa ńkọ́? Ohun tí mo sábà ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé a ń bá Ọlọ́run du iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù keje 1978, tí iṣẹ́ Edwards, Steptoe àti Purdy mú ọmọ inú ìgò àkọ́kọ́ wáyé ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé 1989, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru fi gbọ́ igbe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwòsàn LUTH l'Ékòó, títí di òní pàápàá, dókítà kankan kò tíì lè ṣe ju kí ó mú ẹyin àti àtọ̀ pàdé lọ. Nígbà tí ó bá dá ẹyin náà padà sínú ilé ọmọ, òun pẹ̀lú yóò jókòó bí àwa yòókù, yóò máa retí. Ìgbà púpọ̀ ni kì í dúró. Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o: àdúrà tí a ń ṣe fún aboyún láti ìjọ́ tí aláyé ti dáyé ni, kò sì sí ìgò tí ó tíì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Kò dúró fún ìyàwó wa. Ẹyin méjì péré ni wọ́n rí kó, nítorí pé èyí tí ó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Dókítà wá sọ fún un wẹ́rẹ́ pé ọ̀nà kan kù, kí ó gba ẹyin obìnrin mìíràn, kí a fi àtọ̀ ọkọ rẹ̀ sí i, kí òun sì gbé oyún náà. Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní ọjọ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ó jókòó ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú kí ó tó wọ mọ́tò tí ń bọ̀ ní Òkìtìpupa. Ó ní òun ń ro ẹni tí yóò jẹ́ ìyá ọmọ náà.

Ìkúnlẹ̀ méjì ni èdè wa mọ̀. A kúnlẹ̀ ní ọ̀run láti yàn, abiyamọ sì kúnlẹ̀ ní ayé láti bí. Láti ìgbà tí Alámọ̀ rere ti ń mọ ènìyàn, inú obìnrin kan náà ni ìkúnlẹ̀ méjèèjì ti ń pàdé, débi pé kò sí ẹni tí ó ronú pé wọ́n lè pínyà. Rákélì inú Bíbélì pàápàá, nígbà tí ó ní kí Bílíhà ẹrúbìnrin rẹ̀ bímọ sórí eékún òun, eékún nìkan ni ó rí yá ọmọ náà. Ẹyin àti oyún wà lọ́dọ̀ Bílíhà. Ìgbà tiwa yìí ni ẹyin kọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnì kan, tí ìrọbí sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Èwo nínú ìkúnlẹ̀ méjèèjì ni ó ń sọ obìnrin di ìyá?

Mo dá ẹjọ́ náà sí ọ̀dọ̀ èkejì, èdè wa ni mo sì fi ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ọ̀ràn bá le, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni a fi ń bẹ ara wa. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkúnlẹ̀yàn bẹ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó lóyún ni ọmọ fi oṣù mẹ́sàn-án jẹ, egungun rẹ̀ ni ó bù fi ṣe egungun, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi wewu.

Ṣùgbọ́n ibi tí ara mi kò ti gbà á nìyí: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ títí ayé, kí ọmọ náà pàápàá má mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí a bá bímọ, àwọn bàbá wa a máa dá ẹsẹ̀ntáyé, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọmọ ti wá àti ohun tí ó gbé dání. Ìmọ̀ yẹn kò wà fún àríyànjiyàn, ó wà kí ọmọ má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí ó má sì lọ fẹ́ ìbátan rẹ̀ láìmọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, òfin ni pé ẹni tí ó bá fi ẹyin tọrẹ láti oṣù kẹrin 2005, ọmọ tí ó ti ibẹ̀ wá lè mọ ẹni náà bí ó bá pé ọdún 18. Níhìn-ín, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò rí owó ilé-ìwé san ni ó sábà ń tẹ́ ara sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́, tí yóò gba owó tí yóò sì lọ, láìní orúkọ.

Àwa Ìkálẹ̀ àti àwọn Ìlàjẹ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ayélála tí a ń fi búra, ẹrúbìnrin ni. Wọ́n fi í dípò ẹlòmíràn tí ó jẹ̀bi, nígbà tí Ìlàjẹ àti àwọn ará Àrógbò ń dá májẹ̀mú. Ara rẹ̀ ni a fi san gbèsè tí kò jẹ. Igbe tí ó ké kẹ́yìn, pé ayé le, ni a ń pè é títí di òní. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó wa gbà, ó sì bí. Obìnrin ni ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìkómọ, mo rántí pé ẹyin tirẹ̀ náà ti pé nínú rẹ̀, mo sì dì í mú bí ẹni tí ó gbé agbo ènìyàn lọ́wọ́. Gbogbo ẹbí ń ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ó kan ìyá rẹ̀, ó ju owó sí i, ó pe orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún tú ìdí aṣọ, ó ju owó mìíràn sí i, kò sì pe orúkọ kankan. Ìyá ọkọ rẹ̀ bi í pé ti ta ni èkejì. Ó ní ti ẹnì kan tí kò lè wá ni.

"Orúkọ wo ni ó ní kí o bá òun sọ ọ́?"

Ó wo ojú mi, ó wolẹ̀. "Kò tíì rán an sí mi, Màmá."