Ta Ló Máa Jókòó Lé E?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí. Bí nǹkan kan kò bá bá ara mu, tí ẹni méjì sì fẹnu kò pé, "Ẹ jẹ́ ká máa mánéèjì ẹ̀ bẹ́ẹ̀," ta ló yẹ kó gbọ́ sí i? Ṣé àwọn méjì náà nìkan ni, àbí ẹni kẹta tó máa lo nǹkan ọ̀hún? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ná ọjà Kútọnu ló bá wa ra kẹ̀kẹ́ ológeere kan bọ̀, tòkunbọ̀ ilẹ̀ Faransé, kí ọmọ mi ọkùnrin lè máa gùn ún lọ sílé ìwé. Kẹ̀kẹ́ náà wu ojú. Táyà rẹ̀ le, bírékì rẹ̀ ń mú dáadáa. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé irin tó gbé ìjókòó dúró ti dógùn-ún, ó sì ti wọ́. Mo ní kí nìyẹn já mọ́? Irin lásán! Mo tì í lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa l'Ágége.

Bàbá yìí yọ irin àtijọ́ náà, ó mú òmíràn, ó tì í bọ inú páìpù. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Bàbá nu ìdí irin àtijọ́, ó fi nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára hàn mí. Ó ní, "Ọ̀gá, 26.4 ni kẹ̀kẹ́ yín ń lò. 25.4 ni mo ní nílẹ̀. Irú tiyín yìí ò wọ́pọ̀. Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta kí n fi wá a kiri."

Ọjọ́ Àìkú nìyẹn, ilé ìwé sì ń wọlé lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Bàbá, kí ni ìyàtọ̀ 25 sí 26? Ẹ ṣáà fún bóòtù ẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ ká máa mánéèjì ẹ̀." Bàbá wò mí, ó mi orí, ó mú sípánà. Ó fún bóòtù náà títí etí páìpù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Mo jókòó lé e, kò mì. Mo sanwó, mo tì í lọ sílé. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé wọ́n ti tún un ṣe?" Mo ní, "Ó ti dáa pátápátá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wá, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Íǹṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn kẹ̀kẹ́ wọn nígbà náà. Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, irin ìjókòó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan géérégé, ìyẹn 25.4 mìlímítà. Àwọn Faransé ní tiwọn ti fi òfin gba mítà láti ọdún 1795. Páìpù tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ wọn, 28 mìlímítà ni ìbú ìta rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 28.6. Ìta yìí kì í sábà yí padà, inú páìpù ló ń yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, páìpù rẹ̀ máa ń nípọn, inú rẹ̀ a sì há. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, páìpù rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ a fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irin ìjókòó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ fi pọ̀ ní oríṣiríṣi, tí ìyàtọ̀ ọ̀kan sí èkejì lè má ju 0.2 mìlímítà lọ.

Mìlímítà kan péré ni tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Orí páìpù nìkan ni bóòtù lè fún. Nísàlẹ̀, àlàfo wà yí irin náà ká. Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò ni irin ń mì nínú lọ́hùn-ún, tó ń já ara rẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ló já ara rẹ̀ gbà tán. Ìjókòó yí lójijì lábẹ́ ọmọ mi lójú títì, ó ré lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tẹ bírékì. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kó fi wà ní dídì.

Ibi tó ń tì mí lójú ló kàn yìí. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, ṣé bàbá yẹn ò mọ̀ pé irin yẹn ò bá kẹ̀kẹ́ mu ni?" Ẹ mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Àwọn oníṣẹ́ ayé ìsinsìnyí, ta la lè fọkàn tán nínú wọn?" Mo tilẹ̀ jáde níbẹ̀, mo forí lé ìsọ̀ bàbá, mo sì ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn kí àwọn èèyàn lè gbọ́. Bàbá ò bá mi jà. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ó sàn. Èmi náà jẹ̀bi, torí mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ sọ fún?"

Ẹnu mi wọhò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ẹnì kan lè ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo mánéèjì. N kò gbà. Bí a bá ní kí gbogbo nǹkan bá ara mu géérégé ká tó jáde nílé, ta ló máa dé ibi iṣẹ́ nínú wa? Àwọn àgbà náà ló sọ pé, bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ọgbọ́n dídá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká ní èmi ni mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ náà, tí mo mọ̀ pé irin kò bá a mu, tí mo rọra ń gùn ún, kò sẹ́ni tí mo ṣẹ̀. Ara mi ni mo fi ń tayò.

Ṣùgbọ́n ara ẹlòmíràn ni mo fi ta á. Onílé tó mọ̀ pé irin tó wà nínú òpó ilé òun kò nípọn tó, tó sì gba owó ayálégbé, ara ẹlòmíràn ló fi ń mánéèjì. Awakọ̀ tó mọ̀ pé táyà òun ti jẹ, tó ń pe èrò, bákan náà ni. Gbogbo wa lá máa ní, "Kò tó nǹkan." Bí kò bá tó nǹkan, kí ló dé tí a kò sọ ọ́? Ìdí tí a kì í fi sọ ọ́ ni pé bí a bá sọ ọ́, onítọ̀hún lè ní òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀rù pé kó má baà kọ̀ ló ń pa wá lẹ́nu mọ́. A ti bá a pinnu tán, a sì fi orúkọ àánú bò ó: "Má jẹ́ ká dáyà já a."

Ẹlòmíràn lè ní ọmọdé ni, kí ló mọ̀ nípa mìlímítà? Kò nílò mìlímítà. Ọmọ tó bá dàgbà tó láti gun kẹ̀kẹ́ ti dàgbà tó láti gbọ́ pé, "Ìjókòó yìí ò dúró dáadáa, ṣọ́ra."

Ẹ rántí pé títí di ọdún 1972, apá òsì títì la ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, nígbà tí àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso ń gba apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún náà, àwa náà yí sí ọ̀tún. Kí ọjọ́ náà tó pé, rédíò ń ké, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́. Ká ní ìjọba àti àwọn awakọ̀ díẹ̀ nìkan ló mọ̀ sí i ńkọ́? Ìyípadà ò burú. Ẹni tó wà lójú títì ló gbọ́dọ̀ gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá, mo mú ọmọ mi dání. Bàbá ti wá 26.4 títí, kò rí i. Ó ní ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan ni ká ra 27.2, tó pọ̀ lọ́jà, ká gbé e fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ rá irin kó rá a dé 26.4. Èkejì ni ká fi panu dí àlàfo náà, èyí lowó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mìlímítà kan, ẹ̀gbẹ́ méjì ló máa pín in, nítorí náà panu tó nípọn tó 0.5 mìlímítà la nílò. Àwọn kan máa ń gé agolo ohun mímu lò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju bíi 0.1 lọ.

Bàbá kọ́kọ́ fi sùúrù la etí páìpù tí a ti fún jù. Ó ká panu náà yí irin 25.4 po, ó tẹ etí panu síta lókè kó má baà yọ́ wọnú páìpù, ó fi gíríìsì pa á, ó fún bóòtù níwọ̀nba. Lẹ́yìn náà ó fi ìṣó ha ìlà kan sára irin náà, díẹ̀ sókè ibi tó ti wọ páìpù. Ọmọ mi ló wá kọjú sí, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ọmọ mi, irin yìí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ yìí. A dọ́gbọ́n sí i ni. Láràárọ̀, máa wo ìlà yìí. Bí o ò bá rí i mọ́, irin ti ń rì nìyẹn. Má gùn ún o, tì í wá bá mi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó jẹ́wọ́ fún ọmọ mi pé mo mọ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá máa rọra gùn ún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yá, ẹ dá ìbéèrè mi lóhùn. Bí ohun kan bá wà nílé yín tàbí níbi iṣẹ́ yín tí kò bá ara mu, tí ẹ̀ ń mánéèjì ẹ̀, n kò ní kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó lé e? Ẹ lọ sọ fún un lónìí.