Bàbá àti Ọmọ Lórí Ariwo Ashes

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2023, Jonny Bairstow, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹrí ba ní pápá Lord's ní London, nínú Ashes, ìdíje kírikẹ́ẹ̀tì láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, kí bọ́ọ̀lù Cameron Green lè ré e kọjá. Bọ́ọ̀lù náà bọ́ sọ́wọ́ Alex Carey, ará Ọsirélíà tó dúró lẹ́yìn igi. Bairstow fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ díẹ̀, ó rò pé ó ti tán, ó sì rìn kúrò nínú ìlà rẹ̀ láti lọ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé Carey ti ju bọ́ọ̀lù náà padà. Ó ba igi, rẹfirí tó ń wo fídíò sì dájọ́ pé eré Bairstow ti parí.

Pápá Lord's hó gèè. Wọ́n ń kọrin mọ́ àwọn ará Ọsirélíà pé oníjìbìtì ni wọ́n láti ilẹ̀ wá, wọn kò sì dákẹ́ títí eré ọjọ́ náà fi parí. Ben Stokes ti Gẹ̀ẹ́sì fìbínú gbá bọ́ọ̀lù dé ráàn 155, síbẹ̀ ráàn 43 ni Ọsirélíà fi borí. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gba yàrá Long Room kọjá lọ jẹun ọ̀sán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ MCC tó ni pápá náà, àwọn ẹni ńlá tó wọ kóòtù tó sì so táì, bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn lójú. Usman Khawaja ti Ọsirélíà dúró, ó kọjú sí wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló fà á kúrò níbẹ̀. MCC tọrọ àforíjì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n lé ọmọ ẹgbẹ́ kan dànù, wọ́n sì ní kí àwọn méjì lọ rọ́kún nílé ná.

Àdùkẹ́ wà lára àwọn tó hó lọ́jọ́ náà, lórí ìjókòó ìta tó fowó rẹ̀ san. Peckham ni wọ́n bí i sí, tí eré bá sì ti bẹ̀rẹ̀, "àwa" ló máa ń pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ kọ́ kírikẹ́ẹ̀tì nígbà tó wà ní King's College l'Ékòó, kó tó di pé London gbà á lálejò. Eré kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì tán láàárín wọn.

"Dádì, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pátákó lọ́wọ́, ẹni tó ń jù ú ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́," ni Àdùkẹ́ wí. "Ẹnu nìkan ló kù fún èmi tí mo jókòó sókè. Bí mi ò bá lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dùn mọ́ mi, kí ni mo wá ṣe níbẹ̀?"

"Ta ló ní kí o dákẹ́? Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ṣé òótọ́ lorin yẹn? Carey ò rú òfin kankan. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́nu eré, Bairstow sì ti kúrò nínú ìlà. Pat Cummins tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ lẹ́yìn eré pé Bairstow fúnra rẹ̀ máa ń dán irú ẹ̀ wò sí ẹlòmíì. Ẹ wá ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní oníjìbìtì."

"Òfin nìkan kọ́ ló wà láyé, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀." Ó rán bàbá rẹ̀ létí ọdún 2011 ní Trent Bridge. Ian Bell ti Gẹ̀ẹ́sì ti gbá bọ́ọ̀lù dé ráàn 137, ó rò pé àsìkò ìsinmi tíì ti tó, ó sì ń rìn lọ. Àwọn ará Íńdíà fi bọ́ọ̀lù ba igi, rẹfirí sì gbà fún wọn. Àwọn èrò hó lé wọn lórí. Kí eré tó padà bẹ̀rẹ̀, Mahendra Singh Dhoni tó jẹ́ ọ̀gá Íńdíà àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní kí Bell máa bọ̀ wá gbá a lọ. "Ta ló lè sọ pé ariwo yẹn kò ṣiṣẹ́?"

"Èmi á sọ ọ́. Andrew Strauss, ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì, àti Andy Flower, olùkọ́ wọn, ló rìn lọ bá wọn ní yàrá wọn, tí wọ́n lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí máa ń rí àyè ronú. Ẹni tí wọ́n ń bú ní olè, ṣe ló máa dì mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Àdùkẹ́ kò gbà, ó sì nídìí tí kò fi gbà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn Dhoni nígbà tí ariwo náà ń dún, bàbá rẹ̀ kò sì lè fi ẹ̀rí gbe ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá mú wá lẹ́yìn ìyẹn wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó sọ nípa Steve Smith ti Ọsirélíà. Ní Cape Town, oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n ká Cameron Bancroft, tí wọ́n jọ ń gbá fún Ọsirélíà, mọ́ ibi tó ti ń fi sáńpépà ha bọ́ọ̀lù. Smith àti David Warner gba ìjìyà oṣù méjìlá, Bancroft gba mẹ́sàn-án. Wọ́n jẹ ìyà wọn tán. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ashes 2019, sáńpépà ni àwọn èrò Edgbaston gbé lọ́wọ́ tí wọ́n ń jù fìrìfìrì. Ní Lord's lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù Jofra Archer ti Gẹ̀ẹ́sì ba Smith lọ́rùn, ó ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ. Kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà náà tí bọ́ọ̀lù ba Phillip Hughes lọ́rùn ní Sydney tó sì gbabẹ̀ kú. Smith mọ Hughes, wọ́n jọ gbá fún orílẹ̀-èdè wọn ni. Nígbà tí Smith dìde tó tún padà wá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan hó lé e.

"Ìyẹn ò dáa," ni Àdùkẹ́ wí kíákíá. "Mi ò ní gbèjà ìyẹn láé."

"Kí nìdí? Ẹnu kan náà ni, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni."

Ó ronú díẹ̀. "Nítorí ẹni tó fara pa kì í ṣe alátakò mọ́. Ṣùgbọ́n sáńpépà yẹn, Dádì, àwàdà ni. Warner fúnra ẹ̀ tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta ní Edgbaston, ó fi han àwọn èrò pé òfìfo ni. Òun pàápàá rẹ́rìn-ín."

Ibí yìí ni bàbá ti rọ̀ díẹ̀. Ó gbà pé àwàdà tí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é lè dá padà kò burú, pé ìyẹn wà lára adùn eré. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ibi tí àwàdà náà ń lọ tí kò bá sẹ́ni tó dá a dúró. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bairstow, àhesọ kan tàn ká pé Carey gẹrun ní Leeds, kò sì sanwó fún onígẹ̀rígẹ̀rí. Alastair Cook, ẹni ńlá nínú kírikẹ́ẹ̀tì, tún un sọ lórí rédíò. Irọ́ ni. Carey kò gẹrun rárá ní Leeds, Cook sì tọrọ àforíjì. "Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní oníjìbìtì lórí pápá," ni bàbá wí. "Ìgbà tó yá, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa ẹ̀ làwọn èèyàn ń gbà gbọ́, títí dórí owó irun."

Àdùkẹ́ dákẹ́ fún ìyẹn. Bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sí Íńdíà, sí ọdún 1999. Ní oṣù Kìíní, àwọn kan ti hú ilẹ̀ pápá Delhi nítorí pé Pakísítánì ń bọ̀. Ní Chennai, Sachin Tendulkar ti Íńdíà gbá ráàn 136, ráàn 17 péré ló kù tí wọ́n fi gbé e jáde, àwọn tó kù sì wó tẹ̀ lé e. Pakísítánì fi ráàn 12 borí. Gbogbo pápá dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wasim Akram àtàwọn èèyàn rẹ̀ rìn yí pápá ká láàárín àtẹ́wọ́ náà. Ní oṣù Kejì, ní Kolkata, Tendulkar forí gbárí pẹ̀lú Shoaib Akhtar ti Pakísítánì níbi tó ti ń sáré, wọ́n sì ní eré rẹ̀ ti parí. Àwọn èrò ju ìgò àti òkúta, ọlọ́pàá lé wọn jáde, ìjókòó òfìfo ló sì ṣẹlẹ́rìí ìṣẹ́gun Pakísítánì.

"Orílẹ̀-èdè kan náà ni," ni bàbá wí, "alátakò kan náà, kò sì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Kí àárín ọdún yẹn tó dé, ogun Kargil ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ tí àwọn ará Chennai ní sí Íńdíà ò kéré sí ti àwọn ará Kolkata."

"Ṣùgbọ́n ibi máa ń tán," ni Àdùkẹ́ dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì lágbára. Harold Larwood ti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Ọsirélíà kórìíra jù lọ ní ọdún 1932 sí 1933. Ní Adelaide, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ba Bill Woodfull ní àyà, ó sì fọ́ egungun orí Bert Oldfield. Ọkùnrin yìí kan náà ló kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Sydney ní ọdún 1950, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbé títí tó fi kú ní 1995. "Wọ́n hó lé e, wọ́n sì tún di aládùúgbò ẹ̀. Ariwo ò pa á."

"Ó gba ọdún mẹ́tàdínlógún. Ta ló máa dá ọdún yẹn padà fún un?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí, Dádì. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa lórí pápá, màá hó lé e títí ìdíje á fi parí. Tó bá ti parí, ó tán."

"Ti Carey parí ní Oval, ọjọ́ 31 oṣù Keje, 2023."

"Bó bá tún wá sí Oval ní 2027 ńkọ́?"

"Ìwọ ni mò ń bi, Àdùkẹ́."

"Màá kọ́kọ́ wo bó ṣe gbá a," ni ó wí.